Ẹ́ńjìnnì Ẹlẹ́yẹ àti Ẹ́ńjìnnì Pupa

Èmi kì í ṣe ẹni tó yẹ kó ra ọkọ̀ ojú omi. Ọmọ Èkìtì ni mí, orí òkè ni wọ́n bí mi sí, orí òkè ni mo ti kọ́ ìrìn. Omi tó jìn jù tí mo ti wọ̀ rí kí n tó gbéyàwó kò kọjá kókósẹ̀, òjò ló sì fa ìyẹn náà. Ẹ̀kọ́ jọ́gíráfì ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé ìwé gíga kan ní Adó. Mo lè ya Odò Ọya sójú pátákó láti orísun rẹ̀ títí dé ibi tó ti wọ inú òkun láì wo ìwé, mo sì máa ń yà á dáadáa. Ṣùgbọ́n bí ẹnikẹ́ni bá ní kí n wá ti ẹsẹ̀ kan bọ inú rẹ̀, màá sọ fún un pé mo ní ìwé ọmọléèwé tí mo fẹ́ máàkì.

Ìyàwó mi ló fa ọ̀rọ̀ ọkọ̀, tàbí ká sọ pé bàbá rẹ̀ ló fà á, tàbí ká kúkú sọ òótọ́: ẹnu àwọn ènìyàn mi ló fà á. Ọmọ etí omi ni ìyàwó mi, láti ìsàlẹ̀ lọ́hùn-ún ní ilẹ̀ Ìlàjẹ, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ ilé sórí òpó láàárín omi, tí ọmọdé ti ń tukọ̀ kó tó mọ A yàtọ̀ sí B. Ìpínlẹ̀ kan náà ni gbogbo wa wà nígbà náà, ìjọba sì máa ń fi olùkọ́ ránṣẹ́ síbi tó bá wù wọ́n. Wọ́n fi í ránṣẹ́ sí Adó. Ó dé ní ìgbà ọyẹ́, ó ń wá omi kiri, èmi ló rí.

Ní ọjọ́ ìdána, a sọ̀ kalẹ̀ lọ bá wọn ní ilé wọn. Pákó ni ilẹ̀ ilé náà, omi wà lábẹ́ pákó, mo sì ń gbọ́ bó ṣe ń lá òpó ilé lábẹ́ mi gan-an. Mo dọ̀bálẹ̀ fún àwọn àna mi, n kò sì tètè dìde. Ìtẹríba ni wọ́n rò pé ó jẹ́. Wọ́n ní ọmọ gidi ni mí.

Àbúrò bàbá mi ni agbẹnusọ wa. Ọ̀rọ̀ a máa dùn lẹ́nu wọn ju bó ti yẹ lọ. Wọ́n yin ìyàwó, wọ́n yin ìyá rẹ̀, wọ́n yin omi tó wà lábẹ́ ilé, nígbà tí wọn kò wá rí nǹkan mìíràn yìn mọ́, wọ́n ní: "Ọmọ wa kò ní jẹ́ kí ọmọ yín fi ẹsẹ̀ rìn. Ọkọ̀ ni yóò rà fún un!" Àwọn ènìyàn wa pàtẹ́wọ́. Ní ọ̀dọ̀ tiwa, irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe gbèsè lọ́jọ́ ìdána, iyọ̀ ọbẹ̀ ni. Kò sí ẹni tó ń padà wá béèrè iyọ̀ lẹ́yìn tí a bá ti jẹun tán.

Bàbá ìyàwó mi gbé ọwọ́ sókè. Apẹja ni wọ́n, wọ́n ti dàgbà, wọn kì í sì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Èdè wọn jìnnà díẹ̀ sí tiwa, nítorí náà bí ìyàwó mi ṣe túmọ̀ ọ̀rọ̀ wọn fún mi ni mo ṣe ń kọ ọ́ síbí.

"Ọkọ̀ iṣẹ́ ni," wọ́n ní, "àbí ọkọ̀ fàájì?"

Àbúrò bàbá mi bojú wẹ̀yìn wò wá, wọ́n rẹ́rìn-ín músẹ́. Lójú tiwọn, àna wa ń béèrè bóyá lọ́rì akẹ́rù ni a fẹ́ rà ni tàbí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́. "Fàájì ni, Bàbá. Ọmọ yín kò ní kó ẹrù kankan."

"Ṣé yóò ní ẹ́ńjìnnì?"

Ìbéèrè yìí dun àwọn ènìyàn mi díẹ̀. Ó dà bí ìgbà tí ènìyàn bá béèrè bóyá ilé tí a fẹ́ kọ́ yóò ní òrùlé. "Yóò ní ẹ́ńjìnnì, Bàbá!" ni àbúrò bàbá mi dáhùn, ohùn wọn sì le díẹ̀. "Àwa kì í ra èyí tí kò ní ẹ́ńjìnnì."

"Ó dára," ni Bàbá wí. Wọ́n yíjú sí àwọn ará ilé wọn. "Gbogbo yín gbọ́." Gbogbo wọn ní àwọn gbọ́.

Ọdún yí po, mo ra mọ́tò. Kékeré ni, àwọ̀ rẹ̀ dà bí ti ẹ̀wà sísè, ṣùgbọ́n ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ni, ó sì ní ẹ́ńjìnnì. Èmi àti ìyàwó mi wà á lọ sí ìsàlẹ̀, títí dé ibi tí títì ti tán tí omi ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n tukọ̀ gbé Bàbá wá síbẹ̀. Bàbá yí mọ́tò náà po, wọ́n fi ọwọ́ pa á lára, wọ́n tẹ fèrè rẹ̀. Inú mi ń dùn, mo ti ń mú ẹ̀yìn mi rọ̀ láti dọ̀bálẹ̀ gba àdúrà.

"Mọ́tò yín dára," wọ́n ní. "Ọkọ̀ ńkọ́?"

Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ pé ní ọ̀dọ̀ wọn, ohun tó ń rìn lórí omi nìkan ni wọ́n ń pè ní ọkọ̀ láì fi nǹkan mìíràn kún un. Èyí tó ń rìn nílẹ̀, mọ́tò ni. Ẹni tó bá ṣèlérí ọkọ̀ tó sì gbé mọ́tò wá dà bí ẹni tó ṣèlérí ewúrẹ́ tó gbé àga wá. Mo wo ìyàwó mi. Ìyàwó mi ń wo omi.

Nígbà tí a padà délé, mo lọ bá àbúrò bàbá mi, mo ro ẹjọ́ fún wọn. Wọ́n mi orí títí. Wọ́n ní ẹyin lohùn, bó bá ti balẹ̀, kì í ṣeé kó. Mo ní ẹnu wọn mà ni ẹyin náà ti bọ́. "Bẹ́ẹ̀ ni," wọ́n ní, "mo ti ṣe uṣẹ́ tèmi. Uṣẹ́ tìrẹ ló kù."

Bí kì í bá ṣe ti ojú Bàbá ìyàwó mi ni, bóyá ǹ bá ti máa fi ọ̀rọ̀ náà ṣe ẹ̀fẹ̀ títí yóò fi di ìtàn. Ṣùgbọ́n ojú wọn ń ṣú. Oòrùn orí omi ti jẹ ẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, awọ funfun sì ti ń bo ẹyinjú méjèèjì. Wọ́n ti sọ ọ́ lójú gbogbo ènìyàn pé àwọn kò ní fi ẹsẹ̀ tẹ Adó títí ọkọ̀ tí a sọ yóò fi dé, ẹni tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ kì í sì í tètè yí i padà. Ìyàwó mi kò bẹ̀ mí, kò bínú. Gbólóhùn kan ló sọ, ibi tó ti ń bẹ iṣu ló ti sọ ọ́: "Mo fẹ́ kí Bàbá mi rí ilé mi kí ojú wọn tó lọ." Ó sì ń bá iṣu rẹ̀ lọ.

Báyìí ni mo ṣe di ẹni tó ń wá ọkọ̀ omi ní Adó, níbi tó jẹ́ pé bí omi ẹ̀rọ bá yọ lówùúrọ̀, a máa ń kí ara wa kú oríire.

Olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi kan ní ẹ̀gbọ́n tó ń ṣiṣẹ́ ní èbúté Èkó. Ẹ̀gbọ́n náà fi àwọn ìwé pẹlẹbẹ ránṣẹ́ sí mi, àwòrán ọkọ̀ àti ẹ́ńjìnnì ló kún inú wọn. Ara ọkọ̀ kò fa àríyànjiyàn: gbogbo wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ jọra, ike líle, funfun lókè, aró nísàlẹ̀, tìmùtìmù lórí ìjókòó. Ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ń gbé kọ́ ìdí ọkọ̀ ló fa ìjà. Oríṣi mẹ́ta ló wà. Orúkọ tí àwọn òyìnbó tó ṣe wọ́n fún wọn kò ṣeé pè lẹ́nu, nítorí náà a sọ wọ́n lórúkọ fúnra wa, bí a ṣe máa ń ṣe fún wàrà inú agolo àti tọ́ọ̀ṣì. Ọ̀kan ní àwòrán ẹyẹ funfun lórí, a pè é ní Ẹlẹ́yẹ. Ìkejì ní ìlà mẹ́ta ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ kọ̀ọ̀kan, a pè é ní Onílà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé a kò mọ ìdílé tó ti wá. Ìkẹta pọ́n láti òkè délẹ̀. Pupa ni ìyẹn.

Nínú ìwé Onílà, òyìnbó kan ń mu páìpù, ó ń rẹ́rìn-ín sí ẹja. Nínú ìwé Ẹlẹ́yẹ, ọmọ ọwọ́ kan sùn sórí ìjókòó ọkọ̀, ìyá rẹ̀ ń wà á lọ, kí a lè mọ̀ pé ẹ́ńjìnnì náà kì í pariwo. Nínú ìwé Pupa, kò sí ẹnikẹ́ni. Ẹ́ńjìnnì nìkan ló wà níbẹ̀, tó ń da omi sókè. Mo wo ọmọ tó ń sùn yẹn títí. Mo rí ara mi nínú ọkọ̀ náà, èmi náà ń sùn, n kò sì mọ̀ pé orí omi ni mo wà.

Mo kó ìwé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ bá mẹkáníìkì tó wà ládùúgbò wa ní Òkè-Ìlá. Ọmọ Ìlọrin ni, ó ti pẹ́ ní Adó, alùpùpù àti ẹ̀rọ ìlọta ló ń tún ṣe. Ó nu ọwọ́ rẹ̀ sára ṣòkòtò, ó ṣí àwọn ìwé náà ní ìkọ̀ọ̀kan, ó sì dákẹ́ bí ẹni tó ń ka Bíbélì.

"Tíṣà," ó ní, "èwo nínú wọn ló ń gun òkè jù?"

Mo ní ọkọ̀ omi ni. Omi kì í gun òkè.

"Ṣé ó dá yín lójú?"

Olùkọ́ jọ́gíráfì ni mí. Mo ní ó dá mi lójú. Ó gbà á bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n mo rí i pé kò tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ní Adó, ẹ́ńjìnnì tí kò ní gun òkè kò tíì ní ìwà tí ènìyàn lè fi mọ̀ ọ́n. Ó wá béèrè bóyá a lè fi èyíkéyìí nínú wọn lọ ata tí a kò bá lo ọkọ̀. Mo ní n kò rí i nínú ìwé. Lẹ́yìn náà ló béèrè púlọ́ọ̀gì wọn. Ti Ẹlẹ́yẹ àti ti Pupa, ó ní irú wọn wà lára alùpùpù, wọ́n ń tà á lẹ́bàá Ọjà Ọba. Ti Onílà, kò rí irú rẹ̀ rí. Ó pa ìwé náà dé. "Tíṣà, n kò lè bá ẹni tí n kò mọ púlọ́ọ̀gì rẹ̀ ṣọ̀rẹ́." Bí Onílà ṣe jáde nínú ìdíje nìyẹn, ìlà rẹ̀ àti gbogbo rẹ̀.

Ó ku Ẹlẹ́yẹ àti Pupa. Èmi àti ìyàwó mi lọ sí Èkó nígbà ìsinmi láti fi ojú ara wa rí wọn. Ọ̀gá tó ń tà wọ́n gbé méjèèjì kọ́ ẹnu dírọ́ọ̀mù tó kún fún omi nínú ọgbà rẹ̀, nítorí ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀ kì í ṣeé tàn láì sí omi. Ẹlẹ́yẹ, kọ́kọ́rọ́ ló fi tan án. Ẹ́ńjìnnì náà bẹ̀rẹ̀ sí í kùn jẹ́jẹ́ bí àgbàlagbà tó ń gbàdúrà nínú yàrá. A lè sọ̀rọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, a tilẹ̀ lè sọ̀rọ̀ ẹlòmíràn. Pupa, okùn ló fà, ó fà á, ó tún fà á, lójijì ni nǹkan bú gbàmù, gbogbo ẹyẹ tó wà lórí wáyà iná fò lọ. Ọ̀gá náà ń sọ nǹkan kan fún mi, mo rí ètè rẹ̀.

Mo yíjú sí ìyàwó mi. Ó di ojú rẹ̀, ó dúró síbẹ̀ níwájú Pupa bí ẹni tó ń gbọ́ orin.

Nígbà tí wọ́n pa á, tí etí wa padà dé, mo ní, "Ó dára, a ti rí i. Ẹlẹ́yẹ ni."

"Pupa," ni ìyàwó mi wí.

"Kí ló dé?"

"Òun ni mo fẹ́."

"Ariwo rẹ̀ ńkọ́?"

"Mo gbọ́ ọ."

Mo ṣàlàyé fún un. Mo ní ọkọ̀ fàájì ni a fẹ́ rà, fàájì àti ariwo kì í sì í jọ gbé. Mo ní ìyàwó olùkọ́ kò lè máa la ìlú bàbá rẹ̀ kọjá pẹ̀lú ariwo bí ti ẹni tó ń lọ ẹ̀gẹ́. Mo mẹ́nu ba ọmọ tó ń sùn. Mo sọ̀rọ̀ dáadáa, mo rò pé mo sọ ọ́ bí ẹni tó mọ̀wé. Ó gbọ́ mi tán.

"Ẹ̀yin lẹ kúkú mọ ohun tí ẹ̀ ń rà," ó ní.

Ẹni tó bá ti gbéyàwó rí mọ ìtumọ̀ gbólóhùn yẹn. Èmi náà mọ̀ ọ́n. Mo ra Ẹlẹ́yẹ.

Mo ránṣẹ́ sí Bàbá pé ọkọ̀ ti wà, ẹ́ńjìnnì ti wà, ibo ni kí n gbé e sí? Èsì tó dé yà mí lẹ́nu: kí n gbé e wá sí ilé mi ní Adó, àwọn yóò wá wò ó níbẹ̀. Ìyàwó mi kò béèrè ìdí. Inú rẹ̀ dùn tó bẹ́ẹ̀ tó fi fọ ògiri ilé nínú àti lóde, tó tún fọ òkúta ẹnu ọ̀nà.

Lọ́rì ló gbé ọkọ̀ náà gun òkè wá láti Èkó. Nígbà tí ó ń kọjá ní Ọjà Ọba, ọjà dúró. Àwọn ènìyàn tẹ̀ lé e dé Òkè-Ìlá, a sì sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sórí búlọ́ọ̀kù níwájú ilé. Kò sí ẹni tó béèrè irú ẹ́ńjìnnì tó ní. Wọ́n wá táyà rẹ̀ títí. Nígbà tí wọn kò rí i, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló kù tí wọ́n lè sọ, wọ́n sì sọ ọ́: Ọkọ̀ Nóà. Ìjọ Aládùúrà kan wà lẹ́yìn ilé wa, àwọn àgbà ìjọ náà wá béèrè lọ́wọ́ mi pẹ̀lú ọ̀wọ̀ bóyá Ẹ̀mí ti fi nǹkan hàn mí tí kò tíì fi han àwọn. Mo ní àna mi ni. Wọ́n wo ara wọn, wọ́n ní Ọlọ́run lè gba ẹnu ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, ìyá àgbà kan tó jẹ́ aládùúgbò wa kan ilẹ̀kùn. Ará Ìgbẹmọ ni wọ́n. Wọ́n kọ́kọ́ kí mi, wọ́n kí ilé, wọ́n kí ọkọ̀.

"Ọmọ mi," wọ́n ní, "n kò bèèrè fún ara mi o, èmi ti dàgbà. Ewúrẹ́ méjì ni mo ní ní ulé, akọ kan, abo kan. Bí ùgbà náà bá dé, ṣé àyè á wà?"

Mo ní àyè yóò wà. Wọ́n gbàdúrà fún mi, wọ́n sì lọ pẹ̀lú ìfọ̀kànbalẹ̀.

Ìyàwó mi ló lọ mú Bàbá wá. Nígbà tí wọ́n sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò, ojú wọn ti gbẹ. Wọ́n ní nígbà tí àwọn ń gba àárín àwọn òkè Ìkẹ́rẹ́ kọjá, àwọn di ìjókòó mú, àwọn sì ń bi ìyàwó mi léèrè ohun tó di òkúta ńlá wọ̀nyẹn mú. Kì í ṣe pé mo ń yọ̀ wọ́n, ṣùgbọ́n mo rántí ilẹ̀ pákó ilé wọn, ara sì tù mí díẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, mo tètè dìde.

Wọn kò kọ́kọ́ lọ síbi ọkọ̀. Ìyàwó mi di ọwọ́ wọn mú, ó mú wọn yí ilé ká. Wọ́n fi ọwọ́ kan ògiri yàrá kọ̀ọ̀kan. Wọ́n sún mọ́ fèrèsé, wọ́n bojú wòta, wọ́n béèrè ohun dúdú tó wà lọ́hùn-ún, wọ́n ní ṣé ìkùukùu ni. Òkè ni. Àwòrán ìgbéyàwó wa wà lára ògiri, wọ́n yọ ọ́, wọ́n gbé e wá síbi ìmọ́lẹ̀, wọ́n sún un mọ́jú títí imú wọn fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan gíláàsì. Wọ́n pẹ́ níbẹ̀. "Èyí ni ìwọ," wọ́n sọ fún ọmọ wọn. "Mo rí ọ." Ìyàwó mi sá lọ sí ilé ìdáná láti lọ wo ohun tí kò gbé kaná. Bí Bàbá bá tilẹ̀ padà sílé lọ́gán yẹn, ohun tí ìyàwó mi fẹ́ ti tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́.

Lẹ́yìn oúnjẹ, a jáde síbi ọkọ̀. Wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì tọ́ ọ láti iwájú dé ìdí, wọ́n gun inú rẹ̀, wọ́n jókòó sórí tìmùtìmù. Wọ́n gbóòórùn rẹ̀. "Kò ní òórùn ẹja," wọ́n ní, inú wọn sì dùn sí i. "Látìgbà tí mo ti dáyé, n kò jókòó sínú ọkọ̀ tí kò ní òórùn ẹja rí." Àwọn aládùúgbò pé yí wa ká. Ìyá Ìgbẹmọ náà wà níbẹ̀, wọ́n ń wo àyè tó wà lẹ́yìn ìjókòó.

"Ẹ tan ẹ́ńjìnnì náà," ni Bàbá wí.

A ti gbé dírọ́ọ̀mù omi sábẹ́ ìdí ọkọ̀ sílẹ̀. Mẹkáníìkì yí kọ́kọ́rọ́, Ẹlẹ́yẹ bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Mo dúró gírígírí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bàbá tẹ orí wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n ń dúró.

"Ṣé ẹ ti tan án?"

"A ti tan án, Bàbá."

Wọ́n tún tẹ́tí. "Èyí tí mò ń gbọ́ yìí ńkọ́?"

"Ẹ̀rọ ìlọta ni, Bàbá. Ilé kejì ló wà."

"Ìyẹn dára," wọ́n ní.

Mo gbà pé kò yé wọn, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé. Mo ní iyì ẹ́ńjìnnì náà gan-an nìyẹn, pé kì í pariwo. Mo sọ ti ọmọ tó ń sùn nínú ìwé. Mo ní ènìyàn lè wà á dé ẹnu ọ̀nà wọn láì jẹ́ pé ẹnikẹ́ni mọ̀ pé ó ń bọ̀. Níbi tí mo ti sọ ìyẹn ni ìyàwó mi ti gbé ojú sílẹ̀. Bàbá ní kí wọ́n pa á. Mẹkáníìkì pa á. Kò sí ìyàtọ̀ púpọ̀.

"Mo mọ̀ pé mọ́tò lẹ̀ ń sọ lọ́jọ́ ìdána," ni Bàbá wí.

Ìyàwó mi túmọ̀ rẹ̀. Mo ní kó tún un túmọ̀.

"Ṣé ẹ rò pé n kò gbọ́ Yorùbá yín ni? Mo mọ̀ pé mọ́tò ni. Ìdí nìyẹn tí mo fi béèrè ẹ́ńjìnnì, kí agbẹnusọ yín lè fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ lójú àwọn ènìyàn mi. Mọ́tò á gbé ọmọ mi lọ síbi gbogbo, ṣùgbọ́n ọ̀nà mọ́tò tán kó tó dé ilé mi. Ọkọ̀ ni kò ní ibòmíràn tó lè gbé e lọ ju ilé mi lọ." Wọ́n fi ọwọ́ gbá ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ náà lórí búlọ́ọ̀kù tó wà. "Mo ní kí ẹ gbé e wá síbí kí ẹ lè fi ojú ara yín rí i pé níbí, kò wúlò."

Mo wo ọkọ̀ náà. Òótọ́ ni.

"Ojú mi ń lọ," wọ́n ní. "Tó bá lọ tán, pákó iwájú ilé ni màá máa jókòó sí. Gbogbo ẹ́ńjìnnì tó ń kọjá níbẹ̀ ni mo mọ̀. Mo mọ ti ẹni tó ń ta kẹrosíìnì, mo mọ ti àlùfáà. Ti ọmọ mi yìí, á ti gun orí pákó kí n tó mọ̀ pé ó dé. Mo fẹ́ máa gbọ́ bó ṣe ń bọ̀ láti òkèèrè, kí n lè dìde."

Ẹ̀rọ ìlọta nìkan ló ń dún ní ilé kejì. Àánú Bàbá ṣe mí, ara mi náà sú mi. Nígbà tí wọ́n wọlé lọ sinmi, mo bi ìyàwó mi léèrè ìdí tí kò fi sọ fún mi ní Èkó.

"Mo sọ," ó ní. "Mo ní Pupa."

Mo gbé Ẹlẹ́yẹ padà lọ sí Èkó. Ọ̀gá tó ń tà á ní láti ọjọ́ tí òun ti bẹ̀rẹ̀ òwò, òun kò rí ẹni tó dá ẹ́ńjìnnì padà nítorí pé kò pariwo. Ó fẹ́ gbà á, ó fẹ́ kọ̀ ọ́, ó wá bojú wò mí bóyá ara mi dá. Ó tan Pupa fún mi lẹ́ẹ̀kan sí i. Nígbà tí ariwo náà rọlẹ̀, mo béèrè bóyá wọ́n ní èyí tó tún le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kò sí.

A gbé ọkọ̀ náà sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ìsàlẹ̀ nígbà ìsinmi tó tẹ̀ lé e, lójú ìyá Ìgbẹmọ, tí ojú wọn sọ ọ́ pé mo ti já àwọn ewúrẹ́ kulẹ̀. Ìyàwó mi ló wà á. Ó fa okùn náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, Pupa bú. Èmi jókòó sáàárín, mo di ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún mú, mo di ẹ̀gbẹ́ òsì mú, mo sì ń wo àárín ẹsẹ̀ mi. Bí a ṣe ń kọjá, àwọn apẹja ń fi ọwọ́ di etí, àwọn mìíràn ń fi ẹnu sọ ohun tí a kò lè gbọ́, mo sì dúpẹ́ pé a kò gbọ́ ọ. Adìyẹ ń fò kúrò lórí pákó ilé. Omi fọ́n sí mi lójú, ó fọ́n sí mi lẹ́nu, oníyọ̀ ni. N kò sùn.

A yí kọ́nà ìkẹyìn. Ilé Bàbá ṣì jìnnà, ó kéré lójú wa bí àpótí ìṣáná, ṣùgbọ́n a rí ẹnì kan tó dúró lórí pákó iwájú rẹ̀. Bàbá ni, wọ́n ti wọ agbádá. Wọ́n ti dé fìlà. Aládùúgbò wọn sọ fún wa lẹ́yìn náà pé ó ti pẹ́ tí wọ́n ti dìde, pé nígbà tí etí àwọn yòókù kò tíì gbọ́ nǹkan kan rárá ni Bàbá ti ń béèrè fìlà. Bí a ti ń sún mọ́ wọn, mo rí i pé ibi tí wọ́n kọjú sí kò tọ̀nà tán, ó yà díẹ̀ sí ọ̀tún wa, nítorí pé etí ni wọ́n fi ń wò wá.

Ìyàwó mi rí i pẹ̀lú. Kò pa ẹ́ńjìnnì náà títí imú ọkọ̀ fi kan pákó.